Ẹ̀yìn Ògiri Ni Bàbá Mi Wọ̀n

Bí mo bá wọ kíláàsì kankan títí dòní, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ mi á ti máa wọn ilẹ̀. Láti inú ògiri ọ̀hún dé inú ògiri ìhín, gìgísẹ̀ á máa tẹ̀lé ọmọ ìka. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ò gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tíṣà á máa wojú ara wọn, wọ́n rò pé mo ti ń ṣarán. Kí wọ́n máa rò ó lọ. Bí mo bá rí i pé wọ́n há àwọn ọmọ mọ́ra bí iṣu inú lọ́rì, tí mo sì pariwo, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀." Èmi kì í fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ojú mi ló sì ṣe.

Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí, ní Diobu, lápá Mile 3, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti màmá mi. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ilé fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó tó dá dúró. Màmá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì fáwọn télọ̀. Àwa méjì ló yè nínú ọmọ tí wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń dirun fún mi, òun náà ló ń gbèjà mi tí mo bá ti lọ fa ìjà tí apá mi ò ká. Mo sì máa ń fà á, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bí mo bá bínú tí mo bú òun gan-an, ṣe ló máa rẹ́rìn-ín, á ní, "See this small pepper o! Ata wẹ́wẹ́, jẹ́ n gbádùn jàre."

Títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì lọ sílé ìwé. Kì í ṣe pé àwọn òbí wa ò fẹ́. Ilé ìwé tó wà nítòsí ti kún, èyí tí kò kún sì jìnnà, títì táwọn lọ́rì ń sá lé lórí ló wà láàárín àwa àti ibẹ̀. Ó wá ń bá Màmá jókòó ti ọjà lójoojúmọ́. Nígbà tó di pé ìjọba ní gbogbo ọmọ ló máa lọ sílé ìwé láìsan kọ́bọ̀, ìjọ wa náà, ìjọ kékeré táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní àwọn máa kọ́ ilé ìwé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́, wọ́n á máa fi ọ̀kan kún un lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́, ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó rí síléètì kan tí igun ẹ̀ ti fọ́, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi sábẹ́ ẹní tí a ń sùn sí. Láàárọ̀, kí n tó la ojú tán, á ti máa bi mí bóyá wọ́n ti parí ẹ̀. Èmi ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ni mo mọ̀ nípa ilé kíkọ́?

Púláànù kan náà ni ìjọba fún gbogbo ilé ìwé tuntun. Ìwé búlúù gbàǹgbà kan ni, wọ́n ká a bí ẹní, mo rí i lórí tábìlì wa. Yàrá kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni gígùn ẹ̀, ogún ni ìbú ẹ̀. Ogójì ọmọ ló máa gbà: ìlà márùn-ún, ọmọ mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, méjì méjì lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ọ̀nà tí tíṣà máa gbà kọjá láàárín wọn. Ibi tí fèrèsé máa wà, ibi tí pátákó ìkọ̀wé máa wà, bí fàráńdà ṣe máa fẹ̀ tó, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé náà. Bàbá mi ò mọ̀wé kà, àmọ́ ó mọ nọ́ńbà bí ẹni mọ̀nà ilé. Òun nìjọ gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ òyìnbó, ẹlòmíì ló ń na okùn, ẹlòmíì ló ń kan èèkàn, tiẹ̀ ò ju kó to búlọ́ọ̀kù síbi tí wọ́n bá fi hàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tóun fúnra ẹ̀ máa na okùn. Ẹ ẹ̀ bá rí i láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó wọ ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀.

Gbogbo wa la tẹ̀ lé e. Àwọn bíríkìlà méjì míì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiẹ̀, wá ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ́ na okùn, ó pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá di orí kan mú níbi èèkàn àkọ́kọ́, òun sì mú orí kejì, ó ń fà á lọ.

"Dì í mú dáadáa o," ó kígbe sí i. "Kíláàsì ẹ lo dì mú yẹn!"

Ẹ̀gbọ́n mi di okùn náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fa màlúù. Mo fẹ́ bá a dì í, ó fi ìdí tì mí dànù.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni àṣìṣe ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀ tí ilé ẹ̀ máa gbà ni wọ́n ń wọ̀n fún un, láti ẹ̀yìn ògiri dé ẹ̀yìn ògiri. Ara yàrá ni ògiri. Ta ló máa yọ ògiri kúrò nínú ilé tó ń kọ́? Bí bàbá bàbá mi ṣe ń wọ̀n nìyẹn, bí àwọn bíríkìlà méjì yẹn náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ní nǹkan kan. Àmọ́ inú yàrá ni púláànù ìjọba ń sọ, ibi tí ọmọ máa jókòó sí. Búlọ́ọ̀kù alámọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ó sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko. Ẹ yọ ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ yọ ọ̀kan lápá òsì. Yàrá tó yẹ kí ìbú ẹ̀ jẹ́ ogún wá di méjìdínlógún. Gígùn ẹ̀ náà dín, ṣùgbọ́n ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára, iwájú pátákó ni àyè ti kù díẹ̀.

A wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957. Ogójì ọmọ pérépéré ni wá, a sì ń rùn fún àdí tí wọ́n fi pa wá lára. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nínú ìlà karùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìlà náà fara ti ògiri pẹ́kípẹ́kí débi pé bí ọmọ kan bá fẹ́ lọ tọ̀, gbogbo wa la máa dìde. Tíṣà ò lè kọjá. Ká sòótọ́, a fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pàṣán ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ há. Ohun tí tíṣà bá sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ, bọ́tìnnì tó ti ń kà lọ́jà látọjọ́ pípẹ́ ló ràn án lọ́wọ́. Tíṣà pe Màmá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ má mú èyí kúrò níbí o. Ẹ jẹ́ kó kàwé." Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi tó ìgbà ogún lọ́jọ́ náà, títí mo fi bínú sí i.

Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí aláyẹ̀wò ilé ìwé fi dé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ohùn ẹ̀ tutù, mi ò lè pè é ní èèyàn burúkú. Ó wojú ìlà karùn-ún, ó wo ògiri, ó wá fa téèpù yọ lápò. Ọ̀gá tíṣà bá a di orí kan mú. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un wọ̀n.

"E no reach," ó wí. "Who measure this place?"

Ọ̀gá tíṣà ní àwọn èèyàn wa ni. Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Ó wá ní kí ìlà karùn-ún dìde. A dìde, àwa mẹ́jọ. Inú mi dùn, mo rò pé ó fẹ́ fún wa ní nǹkan ni. Mo tiẹ̀ tún ẹ̀wù mi ṣe.

Ohun tó sọ fún ọ̀gá tíṣà ni pé yàrá yìí ò tó ohun tí púláànù wí. Ìlà mẹ́rin ló gbà. Bí ọmọ bá ju méjìlélọ́gbọ̀n lọ nínú ẹ̀ nígbà tóun bá padà wá, ìjọba ò ní í ka ilé ìwé náà sí, wọ́n á sì mú tíṣà kúrò. Àwa mẹ́jọ ṣì wà lórí ìdúró.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn òbí ṣèpàdé. Mo gbọ́ ariwo wọn láti ìta. Ẹnì kan ní ọmọ tó wọlé gbẹ̀yìn ni kó jáde, ẹnì kan ní ká yọ àwọn tí kì í ṣe ará ìjọ. Obìnrin kan ní kò sẹ́ni tó lè yọ ọmọ òun, òun ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Ọ̀rọ̀ ti ń di èébú nígbà tí bàbá mi dìde.

"Ẹ má jà," ó ní. "Ẹ ṣàánú mi, ẹ má jà. Èmi ni mo na okùn. Ọmọ méjì ni mo ní níbẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan ná kí ẹ tó wá ti ẹlòmíì."

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fà á jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹ̀bi má jẹ́ ti ẹnì kan, wọ́n fi ọjọ́ orí ṣe é: àwọn tó kéré jù ni kó dúró sílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Méje ni wọ́n yọ. Ẹnì kẹjọ, bàbá mi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún pé kó yàn nínú àwa méjèèjì. Èmi ló yàn. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, ọdún kan ò ní nǹkan kan tó máa ṣe fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Háà, ẹ wá wo ìjọ̀ngbọ̀n! Mo da ara mi sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ iwájú ilé wa. Mo gé bàbá mi jẹ lọ́wọ́. Mo ní tí wọ́n bá yọ mí màá kú, màá rí i dájú pé mo kú. Mi ò jẹun lọ́jọ́ kìíní, mi ò jẹun lọ́jọ́ kejì. Màmá fi ẹ̀bà sí mi lẹ́nu, mo tu ú sí i lára. Aládùúgbò wa, ìyá Ikwerre kan, yọjú láti béèrè ẹni tó kú. Kì í ṣe ìwé ló ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀, mo ti rò ó títí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwé. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni pé kí ẹ̀gbọ́n mi lọ síbì kan kó má mú mi dání.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi mú síléètì ẹ̀ lábẹ́ ẹní, ó wá gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó yíjú sí bàbá wa.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lọ," ó ní. "Èmi á dúró. Ṣebí ọdún kan ni? One year no be anything."

Bàbá mi gbà. Ó yẹ kó ní rárá. Mo ti di arúgbó báyìí, mo ti tọ́ ọmọ tèmi, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kó nà mí kó sì ní rárá. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ìtìjú ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹkún mi sì ti sú gbogbo ilé. Màmá ń di ẹrù ọjà ẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ fún un lọ́jà, mo rò pé ara tiẹ̀ tù ú díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Mo nu imú, mo jẹ àkàrà mẹ́rin, mo lọ sílé ìwé.

Mo ṣèlérí fún un o. Mo ní ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ mi lójúmọmọ, màá kọ́ ọ nírọ̀lẹ́ tó bá tọjà dé. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ṣe é. Á dé, á fọ ọwọ́, á jókòó síwájú mi lórí àpótí, èmi á dúró gẹ́gẹ́ bíi tíṣà. Ní ọjọ́ kẹfà ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, kò rántí ohun tí mo fi hàn án lánàá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí níta. Mo fi rúlà gbá a lẹ́yìn ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá wa, mo ní, "Olódo!" Ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ó tó, tíṣà," ó ní. "Go play." Mo sáré jáde. Kò tún sọ pé kí n kọ́ òun mọ́, èmi náà ò sì béèrè.

Bàbá mi ní tiẹ̀ búra pé òun máa sún ògiri náà. Yàrá kejì tí ìjọ kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ni wọ́n gbé e fún. Kò jà sí i. Ọ̀nà tó fẹ́ gbé e gbà ni pé kó fi òpó igi gbé òrùlé dúró, kó wó ògiri iwájú, kó wá mọ òmíràn síta sórí fàráńdà, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú. Fàráńdà á tóóró, àmọ́ kíláàsì á pé. Ìjọ gbà fún un. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ráyè, ó sì fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a ṣiṣẹ́. Á pọn omi, á ru iyanrìn, á ká aṣọ dé orúnkún, á máa tẹ amọ̀. Bí àwọn tó ń kọjá bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Na my class I dey build."

Ẹni tó bá mọ Port Harcourt mọ òjò ibẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù tó pọ̀, wọ́n tò ó kó gbẹ, òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ tú padà di ẹrọ̀fọ̀. Bàbá mi jókòó sórí òkúta, ó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gbé ṣọ́bìrì. Òjò tòótọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan ṣe mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn kejì fi dé. Àwọn méje yòókù tí wọ́n yọ ti padà wọlé nígbà tí àwa bọ́ sí yàrá kejì, ìlà mẹ́rin ni wọ́n wá pín láàárín ara wọn àtàwọn ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi lè bá wọn wọlé. Màmá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, ọmọ kékeré kan ló máa jáde fún un, bàbá mi ò sì lẹ́nu láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni. "Jẹ́ ká parí ògiri wa," ló ń sọ fún un. Òun náà á ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀, Bàbá."

Wọ́n parí ẹ̀ kí ilé ìwé tó wọlé ní ọdún 1959. Bàbá mi yá téèpù, ó ní kí ọ̀gá tíṣà wá di orí kan mú nínú, níbi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Ogún gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀gá tíṣà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹfun kun ògiri náà, ó kun ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹfun wà nínú irun ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ó jí wẹ̀ kí gbogbo wa tó jí. Màmá ti rán ẹ̀wù fún un. Èmi ti wà ní kíláàsì kẹta nígbà yẹn, a jọ rìn lọ, ó di síléètì tuntun mọ́ àyà. Ó tó mi ní ọ̀kan àti ààbọ̀. Nígbà tá a dé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti kún ìlà karùn-ún láti orí dé ìdí, àwọn òbí wọn ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú. Àwa ò mọ̀ pé a máa kọ orúkọ. A rò pé ẹni tó kọ́ ọ ló ni í. Ọ̀gá tíṣà, ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ẹ̀, mo rí i pé ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní ká tiẹ̀ ní àyè wà, òfin tuntun ti dé, ọmọ tó ti pé ọdún mọ́kànlá ò lè wọ kíláàsì kìíní mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí fàráńdà, ó ń wo inú láti ojú fèrèsé. Fàráńdà ti tóóró, àwọn tó ń kọjá ń fara gbún un. Ó fọwọ́ ra ògiri náà díẹ̀, ó yọ ìdọ̀tí kan kúrò lára ẹ̀. Ó wá fún mi ní síléètì náà. "Mú un," ó ní, "tìẹ ti ń fọ́." Ó gba ọjà lọ nínú ẹ̀wù tuntun yẹn. Bàbá mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sì na okùn fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí tó fi kú. Bí wọ́n bá pè é sí iṣẹ́, á ní kí wọ́n wá ẹni tó máa wọ̀n ọ́n, òun á to búlọ́ọ̀kù.

Mo kàwé lọ ní tèmi. Mo parí níbẹ̀, mo wọ ilé ìwé girama. Ẹ̀gbọ́n mi gba iṣẹ́ òwú lọ́wọ́ Màmá, owó tí wọ́n fi ń ra ìwé mi, nínú òwú yẹn ló ti ń jáde. Kò sọ ọ́ sí mi lójú rí, kò sì dì mí sínú. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ì bá bú mi lẹ́ẹ̀kan péré.

Nígbà tó di 1966, tí nǹkan dàrú ní gbogbo ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ní káwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ máa lọ sílé, àwọn Yorùbá Diobu kó ara wọn jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ìdílé sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó máa kó wa. Nítorí èrò, wọ́n lo kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ méjìdínlógún. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ ló ń kọ orúkọ, ó jókòó sí ìlà karùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ máa jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, á fọwọ́ sí i.

Mo jókòó, mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i. Mo ti fi ìfọwọ́sí yẹn dánra wò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ní ìrù gígùn lábẹ́, mo sì fà á dáadáa kí gbogbo èèyàn rí i. Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí àyè mi. Orúnkún ẹ̀ kan tábìlì. Akọ̀wé náà ní kí n fún un ní bírò, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á, ìwọ̀nba lẹ́tà tó mọ̀ ti kúrò lórí ẹ̀ tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó na àtàǹpàkò ẹ̀ fún un. Ọmọkùnrin náà wá yíńkì, ó pa á sí i lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Kò sí ohun tó máa fi nu ọwọ́. Ó wò yíká, ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò náà ra ògiri funfun. Akọ̀wé kígbe pé kí ló dé.

"Ògiri mi ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Who wan flog me?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá látìgbà tó ti dé. Ó rọra wọlé, ó gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá, níbi tí tíṣà ń gbà. Ó fi etí agbádá ẹ̀ nu ibi tó dúdú lára ògiri. Kò kúrò. Ó fi itọ́ sí i, ó tún nù ún, ó wá ń fẹ̀ sí i. Omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀, kò sì fi pa mọ́.

"Má bínú sí mi, ìyá mi," ó ní. "Ẹ̀yìn ògiri ni mo wọ̀n. Ẹ̀yìn ògiri ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára ògiri.

"Bàbá, ẹ dákẹ́," ó ní. "Ṣebí àwa méjèèjì ni. Èmi ni mo di okùn mú fún yín."

Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n jọ ń jáde. Èmi tí mo sunkún gba àyè ẹ̀ dúró sẹ́yìn wọn, bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó bá mi wí.